Màmá Ń Sùn

Ìyá mi ò fìgbà kan sọ fún ẹnikẹ́ni pé eré ìje ọkọ̀ ojú òkun ni iṣẹ́ mi. Bí àwọn ìyá ìjọ bá bi wọ́n lẹ́yìn ìsìn pé, "Ọmọ yín tó wà lókè òkun ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?" wọ́n á ní, "Ó ń ránṣọ." Wọn ò purọ́. Aṣọ ni mò ń rán lóòótọ́, àmọ́ aṣọ ọkọ̀ ni, ìgbòkun, èyí tó fẹ̀ ju gbogbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá ya á láàárín agbami, èmi ni màá jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́ títí yóò fi tún lè gbé ọkọ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi, wọ́n ní, "Kí lẹ ń lé lórí omi náà?" Mo ní a ò lé nǹkan kan, à ń bá àwọn ọkọ̀ mìíràn sáré ni. Wọ́n wò mí. "Ẹ̀ ń sáré lọ síbo?" Mo ní a máa ń yí ayé po ni, a ó sì padà síbi tá a ti gbéra. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Ó ń ránṣọ." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àwọn náà ló kọ́ mi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Tí mo bá rán nǹkan, wọn ò ní wo ojú aṣọ rárá. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yí síta. Bí okùn bá rí wúruwùru níbẹ̀, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Mo máa ń bínú débi pé mi ò ní jẹun. Wọn ò sì ní bẹ̀ mí kí n jẹ.

Nígbà tí mo lọ kàwé ní Ìlú Ọba, mo rí iṣẹ́ Sátidé nílé kan létí òkun tí wọ́n ti ń rán ìgbòkun. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́dún kẹta tí ọkọ̀ eré ìje kan wá ń wá ẹni tó lè tún aṣọ rán lójú agbami, torí tiwọn ti ṣàìsàn. Wọ́n ní ṣé mo lè lọ. Mo ní mo lè lọ. Irọ́ ni, mi ò mọ omi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, odò tí mo mọ̀ kò ju èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá Màámi ní Ìmùṣin lọ, ìyẹn náà kò kọjá orúnkún. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bì. Mo bì títí mo fi bi ohun tí mi ò jẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún ìgbòkun ńlá ya, mo sì jókòó mo rán an. Ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá gbé aṣọ náà, ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá mi wá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń bá a lọ.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ayé ìgbádùn ni. Ẹ má wulẹ̀ rò ó. Oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá là ń jẹ, a ó bu omi gbígbóná sí i, gbogbo rẹ̀ ló ń dùn bí páálí. Wákàtí mẹ́rin la fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́rin la fi ń sùn, aṣọ kì í gbẹ. Gààrí Ìjẹ̀bú ni mò ń gbé dání. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ní lẹ́búlẹ́bú pákó ni mò ń jẹ. Nígbà tó ṣe, ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á mú ife wá, á dúró sí ọ̀dọ̀ mi, á máa wòkè bí ẹni tí kò wá nǹkan kan. Mo máa ń bu díẹ̀ fún un. Díẹ̀ náà ni o, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.

Kí n tó lọ sí ìdíje tí mo fẹ́ sọ yìí, mo kọ́kọ́ wálé. Ìyá mi ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún nígbà náà, àbúrò mi obìnrin ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Wọ́n sìn mí dé ẹnu géètì, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní, "Mi ò ní kó o má lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ránṣẹ́ pè ẹ́, kó o wá. Mo fẹ́ fojú kàn ẹ́ kí n tó lọ."

Mo ní, "Ẹ ò ní lọ síbì kankan, Màámi."

"Mo ní tí mo bá pè ẹ́."

"Màá wá, mà."

Wọ́n tú apá mi sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣèlérí náà nìyẹn, lójú títì, tí ọlọ́kadà ń fun fèrè mọ́ wa pé ká yà lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa kí n tó lọ síwájú, torí òun ló bà mí láyé jẹ́. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Bí èèyàn bá kú, tí ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún un títí yóò fi fẹsẹ̀ tẹ ilé, kó má baà ṣubú lójú ọ̀nà, kí òkú kan má baà di méjì. Wọ́n á ní ara wọn ò yá díẹ̀, máa bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé ló tó máa gbọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, Jámánì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà, èmi sì ni mo wà nílé. Bàbá kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òdógbolú nígbà náà, fa fóònù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ló máa bá a sọ̀rọ̀, ó máa gba tìẹ gbọ́." Mo ń sunkún. Wọ́n ní, "Nu ojú ẹ. Tá a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá dà?" Mo ní, "Wọ́n ń sùn." Ó ní kí n jí wọn. Mo ní dókítà ní ká má jí wọn, pé wọn ò sùn lánàá, pé wọ́n ṣáà ń béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó wọlé pẹ̀lú bàtà aláwọ kan tó rà fún Bàbá, nínú páálí, ó gbé e dání bí ẹni gbé kéèkì. Ó ti gbé e wọ pálọ̀ kó tó rí gbogbo wa nílẹ̀. Fún ọdún kan gbáko kò dá mi lóhùn. Mi ò dá a lẹ́bi.

A wá wà lójú òkun. A ti gbéra láti Yúróòpù, à ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ó ku ọjọ́ mẹ́fà ká gúnlẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ pè mí síbi kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdíje fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ láti ilé wa. Àbúrò mi ló kọ ọ́: "Àǹtí mi, ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sílé tẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kò jọ pé ó le púpọ̀, ó ní ara àgbà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ mi ti tutù.

Ó gbà kí n fi fóònù ọkọ̀ pe ilé. Àbúrò mi gbé e. Mo ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ń kọjá níwájú ilé wa.

Mo ní, "Màámi dà?"

"Wọ́n ń sùn, Àǹtí mi."

"Jí wọn."

"Dókítà ní ká má jí wọn. Wọn ò sùn rárá lánàá. Wọ́n ṣáà ń béèrè yín."

Mo ní ó dáa. Mo dá fóònù padà sáyè rẹ̀, mo gòkè, mo sì bá àwọn yòókù fa okùn. Ìyá mi ti kú. Kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí mi lẹ́nu lọ́jọ́sí ni wọ́n fi sí àbúrò mi lẹ́nu, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ń rí Bàbá kékeré lọ́kàn mi, tí wọ́n dúró tì í, tí wọ́n ń ní kó nu ojú ẹ̀. Mo dúró kí ẹkún wá. Kò wá. Mo po gààrí, mo mu ún tán, mo fọ ife.

Nígbà tá a gúnlẹ̀ sí Kéèpù Táùn, ọjọ́ mẹ́wàá la máa fi sinmi kí ìpele kejì ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń lọ sí Èkó láti ibẹ̀, bó o bá gbéra lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ o ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n lọ, pé òun ti rí ẹni tó máa dúró fún mi. Mo ní kò pọn dandan, mo ní ara wọn ti ń yá. Mo purọ́ fún un láìṣẹ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi, kẹ́ ẹ tó pè mí ní ọmọ burúkú. Mo ní, ẹni tí ò bá délé, wọn ò lè túfọ̀ fún un. Àṣà wa ni. Bí mo bá ṣì wà lójú òkun, ara Màámi ò kàn yá díẹ̀ ni, wọ́n kàn ń sùn ni. Ọjọ́ tí mo bá wọ géètì yẹn ni wọ́n máa tó kú. Kí ni mo ń kánjú lọ síbẹ̀ ṣe? Òkú onígbàgbọ́ nílẹ̀ wa kì í sì í kánjú, mọ́ṣúárì wà, wọ́n á dúró dè mí. Mo tan fóònù mi lẹ́ẹ̀kan péré. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ohùn gbígbà sílẹ̀ láti orí fóònù àbúrò mi, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mi ò ṣí i. Mo mọ bí ohùn àwọn ẹbí ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń tan èèyàn. Mo kọ ìlà kan sí i pé, "Mo ń bọ̀ tí ìpele kejì bá parí. Ẹ dúró dè mí." Ìsìnkú ni mo ní lọ́kàn. Mo pa fóònù náà.

Ìpele kejì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀, títí dé Ọsirélíà. Ibẹ̀ ni otútù inú ayé pọ̀ sí. Ìgbì ga ju ilé alájà méjì lọ, a ó gùn ún, a ó já wálẹ̀, a ó tún gùn ún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ ní òun ò rí obìnrin tó láyà tó báyìí rí. Mo fẹ́ gbá a létí, àmọ́ ó rẹ̀ mí jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbòkun iwájú ya láti òkè dé ìdajì. Mo jókòó tì í fún wákàtí mọ́kànlá. Níbì kan mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣèṣe. Èmi ni. Abẹ́rẹ́ ti wọ àtẹ́lẹwọ́ mi dé ìdí, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀gá ọkọ̀ fà á yọ, ó ní otútù ti pa ọwọ́ mi. Mo ní otútù ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà iṣẹ́ mìíràn dé láti ilé: "Màmá ṣì ń béèrè yín." Mo kà á, mo sì ń bá aṣọ mi lọ. Mo tiẹ̀ bínú sí àbúrò mi díẹ̀. Mo ní ó yẹ kó ti rí irọ́ tuntun pa.

A ṣe ipò kejì. Wọ́n da ọtí sí wa lórí, wọ́n ya wá ní fọ́tò, mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ya sí ẹ̀gbẹ́ kan ní èbúté, mo pe ilé, torí kò sí ibòmíràn tí mo lè sá sí mọ́.

Ohùn àbúrò mi dán. "Àǹtí mi! Ẹ kú oríire o! Màmá ti gbádùn. Ara wọn ti yá, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mo ní, "Kí ni wọ́n jẹ lánàá?"

"Ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ ò tó."

Yéè! Iyọ̀ ò tó! Ta ló tún lè sọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìyá mi, tí dókítà ti fi iyọ̀ dù láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí kò sì sí ọbẹ̀ kan láyé yìí tí iyọ̀ rẹ̀ tó wọn rí? Nígbà tí èmi ń purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní irú èyí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní èbúté, mo bú sẹ́kún. Ẹkún ayọ̀ ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi tí abẹ́rẹ́ gún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo ra sálúbàtà onírun àgùntàn kan fún wọn, torí ẹsẹ̀ wọn máa ń tutù láàárọ̀.

Mo dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán gangan. Géètì wà ní ṣíṣí. Àga oníke pọ̀ nínú ọgbà, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò. Níwájú ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń wà, wọ́n gbé tábìlì kékeré kan síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Fọ́tò Màámi wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú ìwé ńlá kan ní ṣíṣí àti bírò, fún àwọn tó bá wá kí wa láti kọ orúkọ. Ojú ewé kan ti kún. Mo dúró mo ń ka orúkọ àwọn èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jáde wá. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí ọ̀rá tí sálúbàtà wà nínú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Èmi náà ra bàtà."

Mo ní, "Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti kú, ẹ sì jẹ́ kí n—"

Ó ní, "Oṣù méjì bíi báwo? Ọjọ́ kẹjọ nìyí."

Àbúrò mi wá láti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ti wú. Kò dì mọ́ mi. Ó ní, "Mo pè yín, Àǹtí mi. Ẹ ò wá."

"Mo rò pé wọ́n ti kú ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. O ní wọ́n ń sùn."

"Wọ́n ń sùn!" Ó kígbe débi pé àwọn tó wà nínú ilé jáde. "Wọ́n ń sùn lóòótọ́! Wọn ò sùn lánàá ọjọ́ yẹn, dókítà fún wọn lóògùn oorun. Kí ni kí n sọ?"

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ó ní Bàbá kékeré ló ní kóun wá nǹkan tí mo máa gbàgbọ́. Àwọn fúnra wọn jókòó níbẹ̀, wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "A ò fẹ́ kó o ṣubú lọ́nà ni." Mo ní ẹ ṣé, sà.

Lẹ́yìn náà àbúrò mi sọ ohun tó kù fún mi, kò sì fi èyíkéyìí pa mọ́. Ó ní òun ka iṣẹ́ tí mo kọ láti Kéèpù Táùn fún wọn, èyí tí mo fi ní kí wọ́n dúró dè mí. Ó ní Màámi ní àwọn á gbìyànjú. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi gbìyànjú ẹ̀.

A sin wọ́n. Mo rí ojú wọn nínú pósí, ó dà bí ojú ẹni tí mo mọ̀ níbì kan. Mi ò sunkún. Àwọn ìyá ìjọ ń sọ láàárín ara wọn pé, "Ọmọ tó ń ránṣọ lókè òkun nìyẹn, ọkàn ẹ̀ le." Mo ṣì ń bá iṣẹ́ ọkọ̀ náà lọ, èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Èmi àti àbúrò mi ti jọ ṣe àdéhùn pé bí ẹnikẹ́ni bá kú, ká sọ pé ó kú, kí ẹni tó bá máa ṣubú lọ́nà ṣubú.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà síbi tó máa ń wà, mo jókòó sí i, mo tan fóònù mi. Ohùn gbígbà sílẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì ṣí i. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ni. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí mo fi fóònù ọkọ̀ pe ilé ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ tí àbúrò mi ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, mà, ó ti ń gbà á." Ìyá mi wú ikọ́.

"Àbúrò ẹ ní o pè mí lánàá, mo ń sùn. Kò jí mi. Mo ti bá a wí. Mo ti jí báyìí o. Pè mí padà."